Ohun Tí Alhaja Gbọ́ Nínú Lífìtì

Lífìtì ilé wa ní Peckham ní òórùn tirẹ̀: bíléṣì tí wọ́n fi nu ilẹ̀ rẹ̀, ẹja díndín tí ẹnìkan gbé kọjá, àti òórùn irin tó ti gbóná. Ìwọ tí o dàgbà sí irú ilé káńsù bẹ́ẹ̀, ilé gíga tí ìjọba ìbílẹ̀ ìlú Òyìnbó ń fi gba ènìyàn sí, náà mọ̀ ọ́n. Ọdún tí mo ń parí ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ní yunifásítì ni mò ń sọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń tún àwọn lífìtì àdúgbò wa ṣe ń bá ẹ̀ka wa ṣe ìwádìí pọ̀. Wọ́n fẹ́ ẹ̀rọ kékeré kan, tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tí a ó lẹ̀ mọ́ orí lífìtì, tí yóò máa ka bó ṣe ń gbọ̀n, kí ó lè ké gbàjarè kí lífìtì tó bàjẹ́. Èmi ni mo ṣe é, èmi náà ni mo sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi ilé tiwa dán an wò. Inú mi dùn débi pé gbogbo ará ilé ni mo ròyìn rẹ̀ fún.

Alhaja kan ń gbé ní àjà kẹsàn-án. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn kò lè gun àtẹ̀gùn. Ogún ọdún ni wọ́n fi ránṣọ ní ilé-iṣẹ́ kan ní New Cross, nídìí ẹ̀rọ, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nínú lífìtì, wọ́n ṣàdédé fi ọ̀pá wọn kan ilẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o gbọ́ ọ? Tó bá ti dé floor five báyìí, á wúkọ́."

N kò gbọ́ nǹkan kan. "Mummy, ẹ má worry. Ẹ̀rọ mi ní kò sóhun tó ṣe é."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ rẹ ò tíì gun lífìtì yìí tó mi."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ ọ̀sẹ̀ náà gan-an, bí Alhaja ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí, lífìtì há sáàárín àjà kẹfà àti ìkarùn-ún. Àwọn nìkan ló wà nínú rẹ̀. Màmá tó bí mi ló pè mí lórí fóònù. Mo sáré láti ibùdókọ̀, mo gun àtẹ̀gùn, mo jókòó síwájú ilẹ̀kùn irin náà títí àwọn tó máa ṣí i fi dé. Ó lé ní wákàtí kan. Mò ń gbọ́ tẹ̀sùbáà wọn tó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo fẹ́ tù wọ́n nínú, ṣùgbọ́n ẹkún ló gba ẹnu mi. Ohùn wọn bá wá láti inú: "Ìwọ ni, àbí? Má sunkún mọ́. Ṣé o ti jẹun?" Bí mo bá rántí ìbéèrè yẹn, ojú á tì mí, ẹ̀rín á sì pa mí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo ní láti gbé àbájáde iṣẹ́ náà síwájú ilé-iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀rọ mi kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀. Ìlà tó ń fi bí lífìtì ṣe ń gbọ̀n hàn nínú kọ̀ǹpútà tẹ́jú bí omi àmù. Mo ronú pé kí n yọ ọ̀sẹ̀ yẹn kúrò nínú àbájáde náà. Ta ni ì bá mọ̀? Máàkì mi wà níbẹ̀, iṣẹ́ tí mo ń retí lọ́wọ́ wọn náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti na ìka sí i, ohùn ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni mò ń gbọ́. Mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo dúró níwájú wọn, mo ní ẹ̀rọ wa kùnà, àti pé ìyá kan ti kìlọ̀ fún mi ṣáájú, n kò gbà á gbọ́.

Ẹnjiníà àgbà ilé-iṣẹ́ náà, tí irun rẹ̀ ti funfun, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Mú mi lọ bá ìyá náà."

Àwa mẹ́ta gun lífìtì náà lọ sókè lọ sísàlẹ̀ nígbà mẹ́rin. Gbogbo ìgbà tí a bá dé àjà karùn-ún ni Alhaja ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà tú ibẹ̀ wò, nọ́ọ̀tì tó de irin tí lífìtì ń yọ̀ lórí rẹ̀ ti tú. Ẹ̀bi ẹ̀rọ kọ́, ẹ̀bi mi ni: èmi ni mo ní kí ó pa gbígbọ̀n gbogbo ìrìn pọ̀ kí ó pín in dọ́gba, tí ariwo kékeré yẹn fi sọnù bí ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárín ọjà Brixton. Mo tún ìṣirò náà ṣe, àjà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ikọ́ náà yọjú kedere, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣáájú Jímọ̀ọ̀ yẹn.

Wọ́n fún mi ní máàkì tó dára, kì í ṣe èyí tó ga jù. Iṣẹ́ ibẹ̀ kò bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ibòmíràn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Alhaja ti kó lọ sí ilé ìsàlẹ̀ kan ní Kennington, bí àlejò bá sì dé, wọn á ní, "Ẹ̀rọ tí èmi àti ọmọ yìí ṣe." Irọ́ kọ́. Nígbà yẹn, mo rò pé ṣe ni mo lọ kó ìmọ̀ wá fún àwọn ará ilé wa láti yunifásítì. N kò mọ̀ pé ìmọ̀ ti ń gbé àjà kẹsàn-án tipẹ́. Àràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ kí i, n kò sì bi í léèrè nǹkan kan rí.