Bọ́tìnì Wo Ni Kí N Tẹ̀?

Láti Kàbà ni màmá mi ti máa ń pè mí ní Lọ́kọ́jà. Tí iná bá lọ tó tún dé, àwòrán á wà lójú tẹlifíṣàn, ṣùgbọ́n sípíkà ò ní dún.

"Okun o," á kí mi bí wọ́n ṣe ń kíra ní Kàbà. "Ohùn ti tún lọ. Bọ́tìnì wo ni kí n tẹ̀?"

Màá jágbe pé ṣebí mo sọ ọ́ lánàá. Tí ohùn bá dé tán, ìgbà náà ni màmá á wá sọ ẹni tó bímọ ládùúgbò, àti bí òjò ṣe ṣe iṣu wa. Èmi á ti máa wá bí mo ṣe máa pa fóònù.

Nígbà tó sú mi, mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń gbọ́ àṣẹ, mo gbé e lọ sí Kàbà, mo so ó mọ́ sípíkà náà. Tíṣà ni màmá kó tó fẹ̀yìn tì. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ fún un, ohùn sì dé. Mo ní, "Ẹ ò ní máa yọ mí lẹ́nu mọ́ nìyẹn."

Kò sì pè mọ́ lóòótọ́. Lánàá, èmi ni mo pè, mo ní ṣé sípíkà ń dún.

"Ó ń dún dáadáa, má ṣèyọnu."

Kí n tó rí nǹkan mìíràn bi í, ó ti ń sọ fún ẹ̀rọ náà pé kó gbé ohùn sókè.