Orí Tó Wà Lára Pátákó Benoît

Orí tí Súbérù ti yà sára pátákó àwọn onígbàjámọ̀ ní Libreville kò lóǹkà, gbogbo wọn ló sì ní àbàjà. Kò mọ̀ọ́mọ̀. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, kò rẹ́ni jókòó fún un, ló bá ń wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí yà, ó sì mọ́ ọn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Àfáà kan ní ọjà Mont-Bouët ní èèwọ̀ ni kéèyàn máa ya ohun ẹlẹ́mìí. Súbérù ní ọrùn lòun máa ń bá a dé, ta ló rí ohun ẹlẹ́mìí tí kò láyà?

Àmọ́ lọ́dún yìí, Ràódàt, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún méjìlá, tó ń fi Faransé lálàá, ní kó má wá mú òun lẹ́nu géètì ilé ìwé mọ́, kó máa dúró níbi tí tasí ti ń gbé èrò. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló bi í pé ológbò wo ló ha bàbá rẹ̀ lójú. Súbérù ní kò burú. Irọ́ ló pa, ó dùn ún wọra.

Ní Sátidé kan, Benoît onígbàjámọ̀ ránṣẹ́ pè é wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Avéa.

"Monsieur Súbérù, àwọn oníbàárà ń bi mí bóyá klípà mi ló ṣe ọkùnrin tẹ́ ẹ yà sára pátákó mi yẹn léṣe. Ẹ tún un yà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ dídán ni mo fẹ́."

Súbérù yà á lẹ́ẹ̀mejì, àbàjà jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi kẹrosíìnì nù ún, ó na búrọ́ọ̀ṣì sí Ràódàt, tó máa ń bá a gbé ọ̀dà lọ́jọ́ Sátidé, ó sì jókòó sórí ike ọ̀dà.

"Wò mí dáadáa, má wolẹ̀. Ohun téèyàn ò bá lè tẹjú mọ́ láyé yìí, ẹ̀rù ẹ̀ kì í tán."

"Papa, pardon, ẹ má mira." Nígbà tó yá, ó ní, "Ṣé ó dùn yín nígbà tí wọ́n ń kọlà fún yín?"

"Wọ́n ní mo ké títí ewúrẹ́ fi já okùn."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ya imú ńlá, ó ya etí, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní dídán. Benoît ti ń pàtẹ́wọ́. Ràódàt wo pátákó, ó wo bàbá rẹ̀, ó mú búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù, ó sì fa àbàjà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Benoît káwọ́ lérí. Ọmọ náà kọ nǹkan ní Faransé sísàlẹ̀ àwòrán.

Súbérù ò mọ Faransé kà. "Kí ló kọ?"

"Ó ní, 'Kì í ṣe klípà. Bàbá mi ni.'" Ẹ̀rín pa Benoît bó ṣe ń kà á.

Súbérù ní etí ọ̀tún ti tóbi jù. Lẹ́yìn náà ló ní kí Benoît jọ̀ọ́ tún un kà.