Ọjọ́ Tí Wọ́n Yẹ Fọ́tò Mi Wò ní Àkúrẹ́

Ogún ọdún ni mo ti fi ń ya fọ́tò ní Òdòjọmù, ní ìlú Oǹdó, kí n tó pàdé ẹni àkọ́kọ́ tó wo fọ́tò mi tí kò wá ojú ara rẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí fóònù dé ọwọ́ gbogbo ayé, tí olúkúlùkù di onífọ́tò, ṣọ́ọ̀bù mi dá páropáro. Ìyàwó mi kò bú mi. Ó kàn mú tépù, ó wọn ibi tí òun máa gbé fíríísà ẹja sí. Ó ní, "Bàbá Ṣeun, tí ẹ ò bá rí iṣẹ́ gidi kí ọdún tó parí, ẹ yọ̀ǹda ibí yìí fún mi." Láti ọjọ́ náà, adìyẹ bà lókùn nínú ilé wa: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ìgbà yẹn ni ẹgbẹ́ àwa onífọ́tò ṣètò ohun tí wọ́n pè ní pọtifólíò rifíù ní Àkúrẹ́. Pọtifólíò ni àkójọ iṣẹ́ tó dára jù lọ́wọ́ ayàwòrán. Àwọn tó ń wá ayàwòrán á jókòó sídìí tábìlì, wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò, ogún ìṣẹ́jú fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò lára iṣẹ́ ọ̀gá? Síbẹ̀, mo rántí tépù ìyàwó mi, mo kó ogójì fọ́tò sínú álíbọ́ọ̀mù pupa. Kì í ṣe àwọn tí mo yà dáadáa jù ni mo kó. Àwọn tó lórúkọ jù láwùjọ ni mo kó: olóyè, bíṣọ́ọ̀bù, alága káńsù. Mo rò pé bí èèyàn bá ṣe ga tó ni fọ́tò rẹ̀ ṣe ń ga tó. Mo tún mú páúdà, kóòmù àti dígí dání, torí lójú tèmi, ẹni tí a máa yà ló ń jẹ́ oníbàárà.

Àdúgbò Alágbàka ní Àkúrẹ́ ni gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ṣe é wà. Ọ̀dọ̀ Ìyáàfin Fálékè, ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín, ni wọ́n ní kí n lọ. Fọ́tò tí wọ́n máa fi sínú ìwé àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń wá. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó ogójì. Bó ṣe ń ṣí álíbọ́ọ̀mù ni mò ń ka oyè wọn fún un. Kò jọ pé ó gbọ́ oyè kankan. Ó ṣí i dé ìparí, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ta ló ni àga yìí?"

Inú mi dùn. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kun àga náà láwọ̀ góòlù. "Èmi ni mo ni ín, mà."

"Gbogbo ogójì èèyàn yìí ló jókòó sí i."

"Wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ!"

"Àga lẹ ti ń yà láti ọjọ́ yìí nìyẹn, sà."

Ẹni tó wà ní tábìlì kejì rẹ́rìn-ín. Ara mi gbóná. Ó wà lẹ́nu mi láti sọ pé mo ti ń ya fọ́tò kí wọ́n tó bí Ìyáàfin Fálékè, irọ́ sì ni. Ó rọra ní, "Ẹ lọ ya ẹni márùn-ún fún mi nídìí iṣẹ́ wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n múra. Mo fún yín ní oṣù kan." Mo kó páúdà mi, mo wọkọ̀ padà sí Oǹdó.

Ẹni tí kò bá mọ Oǹdó á rò pé ó rọrùn. Fọ́tò tí èèyàn bá yà lónìí ni wọ́n lè gbé síwájú òkú rẹ̀ lọ́la, ta wá ni yóò wọ aṣọ iṣẹ́ yà á? Fọkanáísà rí kámẹ́rà, ó sáré lọ wọ kóòtù. Télọ̀ ní kí n dúró kí òun fá irùngbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, mi ò rí ẹyọ kan mú bọ̀. Inú ń bí mi sí obìnrin yẹn, ó sì ń bí mi sí ara mi, torí mo ti mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Ìyá Tóyìn tó ń yan búrẹ́dì ló yọ mí, kì í sì í ṣe pé ó fẹ́. Ààrò ti gbóná, búrẹ́dì ti ń pọ́n. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n yà yín."

"Bí mo bá yíjú sí ẹ, búrẹ́dì mi á jóná! Yà á bó o bá ṣe fẹ́!"

Mo yà á: ìyẹ̀fun nínú irun, òógùn lójú, igi gígùn tí wọ́n fi ń fa páànù jáde nínú ààrò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò ní kó gbé àgbọ̀n sókè. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọgbọ́n rẹ̀ kọ́: mo padà sọ́dọ̀ àwọn yòókù lákòókò tí iṣẹ́ ò ní lè dúró dè wọ́n.

Ìyáàfin Fálékè wo márààrún. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ya àwọn wọ̀nyí?" Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Odindi ìwé ló gbé fún mi yà. Ìyàwó mi wá ibòmíràn fún ẹja rẹ̀.

Mo ti tọrọ ààyè lọ́wọ́ Ìyá Tóyìn kí ìwé tó jáde. Ó gbà, àmọ́ kò mọ̀ pé òun nìkan ló máa gba odindi ojú ewé. Lọ́jọ́ kan ló já wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ìwé ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Onífọ́tò, ṣé bó o ṣe fi mí han gbogbo ọmọ ilé ìwé nìyí? Gbé kámẹ́rà kó o yà mí dáadáa!"

Mo yà á: léèsì, ìlẹ̀kẹ̀, páúdà. Nígbà tó wá gbà á, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó tún ṣí ìwé náà, ó fọwọ́ lé ìyẹn tó wà nínú rẹ̀.

"Tuntun yìí rẹwà," ó ní. "Ṣùgbọ́n èmi nìyí."

Ó kó méjèèjì há abíyá, ó ní búrẹ́dì ń dúró de òun.