Ọmọ Làmídì, Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì Tó Ti Jámánì Wá sí Ọ̀tà

Bí mo ṣe kírun àsùbáà tán báyìí ni mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi rù, ó di ibùdókọ̀. Òkùnkùn ò tíì ká nílẹ̀ ní Ìkirè. Ajá àdúgbò gbó mi títí ó fi sú u, èmi náà sì bú u títí ó fi sú mi. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìrìn àjò yìí, kó fìdí mọ́lẹ̀, kó má sì já lu ọ̀rọ̀ mi o, nítorí mi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Làmídì àbúrò mi, àbíkẹ́yìn ìyá wa, ló lọ sí Jámánì ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ó fẹ́ obìnrin ibẹ̀, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo, ọmọ náà sì di agbábọ́ọ̀lù tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Làmídì fúnra rẹ̀ máa ń wálé ní ọdún mẹ́ta mẹ́rin síra wọn, ṣùgbọ́n kò mú ọmọ yẹn wá rí títí tó fi kú. Bí a bá bi í, á ní ọmọ wà níléèwé, á ní ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Èmi ò gbà. Mo sọ fún gbogbo agboolé wa pé ìyàwó Òyìnbó yẹn ló kórìíra wa, pé òun ni kò jẹ́. Ẹ mọ ẹnu mi. Gbogbo wọn gbà mí gbọ́.

Ìgbà tí Múínátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Sílífátù tó ti dolóògbé, wá pè mí láti Ọ̀tà pé ọmọ Làmídì ti dé, pé ilé iṣẹ́ kan ló pè é kó wá fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mò ń bọ̀. Ẹnu rẹ̀ gan-an ni n ó ti gbọ́ ìdí tí wọn ò fi mú un wá." Àádọ́rin ọdún ni mí. Mi ò fẹ́ kú láìgbọ́ ọ.

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni mo wọ mọ́tò dé Ìbàdàn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àbọ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi dé Abẹ́òkúta, torí mi ò fẹ́ gba Èkó kọjá rárá. Abẹ́òkúta sí Ṣàngó tún jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì. Ẹ̀gbẹ́ dẹ́rẹ́bà ni mo jókòó sí, mo gbé apẹ̀rẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà ní, "Màmá, kí ló ń ta sánsán báyìí?"

Mo ní, "Dòdò Ìkirè ni." Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù la máa ń gún mọ́ ata, tí a ń dín in nínú epo pupa títí tó fi dúdú. Òun ni mo ń tà tí mo fi tọ́ ọmọ.

"Ṣé ẹ ò ní bù fún dẹ́rẹ́bà tó ń gbé yín ni?"

"Ọmọ tí mi ò rí rí ló ni ín. Wo iwájú rẹ, jọ̀ọ́."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé Ìtòrí, mo fún un ní ẹyọ kan, torí kò sáré ìsákúsàá. Láti ibẹ̀ lọ ni eruku funfun ti bo ewé àti òrùlé, sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń ṣe ní Ewékorò. Eruku pupa ni tiwa nílé, ó máa ń lọ tí a bá fọ aṣọ. Lẹ́yìn Ìfọ́, ọ̀nà wá di kòtò lórí kòtò. Arábìnrin kan lẹ́yìn mi ń pe orúkọ Ọlọ́run ní gbogbo kòtò tí a bá bọ́ sí, ó sì ka gbogbo rẹ̀ pé.

Múínátù ti ń dúró dè mí lábẹ́ bíríìjì Ṣàngó. Háà, èrò! Tírélà, ọlọ́kadà, àti bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí Àgbárá, àwọn mìíràn ń bọ́ sílẹ̀ láti iṣẹ́ òru, ojú wọn pọ́n. Oòrùn ló ń jí wa nílé. Aago ilé iṣẹ́ ló ń jí wọn níbẹ̀. Síbẹ̀, kí n tó rìn dé ibi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá wà, mo ti gbọ́ ohùn ará Ìwó, mo gbọ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnì kan tilẹ̀ kí mi bí ará ilé gan-an. Ara mi balẹ̀. Múínátù ra ẹ̀wà àgọ́nyìn fún mi, ẹ̀wà tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀ bí ẹ̀kọ, tí wọ́n wá da ata díndín dúdú lé. Òun àti búrẹ́dì, ẹgbẹ̀rún kan náírà. Mo ní mi ò jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ilé Múínátù ní Jójú ni ọmọ náà ti pàdé wa. Fẹ́líìsì ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, Àkànní ni ìyá wa sọ ọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ó ga, orí rẹ̀ sì ni orí Làmídì, kò fi ibì kankan yàtọ̀. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún dún kà, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, ó nà gbalaja.

"Ẹ kú ọ̀nà, Màmá." Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ yéni.

Mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Dìde, Àkànní, dìde, ọmọ ìyá mi." Ẹkún ayọ̀ ni, mi ò ní tijú láti sọ ọ́.

Ó ti rí ilé tí bàbá rẹ̀ háyà yàrá sí kí bàbá náà tó lọ sí Jámánì. Ó fà mí síta pé kí n wò ó. "Màmá, ilé yẹn nìyẹn. Ibẹ̀ ni bàbá mi gbé." Ọwọ́ òsì ló nà!

N ò mọ ìgbà tí mo gbá a lọ́wọ́, pẹ́ẹ́. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni!"

Ó fa ọwọ́ náà sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Múínátù pariwo, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá Ìkirè! Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé!" Mo ní kó dákẹ́, àṣà ni mò ń kọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìrun àsárì a lọ sí pápá ilé iṣẹ́ tó pè é wá. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ fẹ́ bá àwọn ti Àgbárá gbá bọ́ọ̀lù. Bí a ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá, mo ní kó ro iṣẹ́ rẹ̀ fún mi. Ọmọ ọdún méje ló ti bẹ̀rẹ̀ ní abúlé wọn. Nígbà tó pé mẹ́rìndínlógún, ẹgbẹ́ ńlá kan mú un. Nígbà tó di ogún, wọ́n ní eré rẹ̀ ò yá tó, wọ́n ní kó máa lọ. Ó ní òun ti fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ kápẹ́ńtà kí ẹgbẹ́ kékeré kan tó ránṣẹ́ sí òun, torí wọn ò ní ẹni tó lè gbá apá òsì. Ọdún mọ́kànlá ló fi gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele tí wọ́n ń pè ní Zweite Liga, ìyẹn èyí tó tẹ̀lé ti àwọn ọ̀gá pátápátá. Kò gba ife kankan. Iṣan orúnkún rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kejì ló fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀.

"Ẹsẹ̀ òsì ló bọ́ mi, Màmá," ló wí. "Linksfuß ni wọ́n ń pe irú mi, ẹlẹ́sẹ̀ òsì. Wọn ò pọ̀. Tí wọ́n bá pe èèyàn bẹ́ẹ̀, wọ́n yìn ín ni."

Mo ní, "Èébú ni nílé wa." Ó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, òun náà wọ pápá. Ará Àgbárá kan gbá ọ̀kan nínú tiwa ṣubú, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ fún Àkànní jìnnà sí ojú ilé wọn. Ó fi ẹsẹ̀ òsì yẹn kàn án bí ẹni ń ṣeré, bọ́ọ̀lù yí orí àwọn tó tò síwájú rẹ̀ po, ó wọlé! Èmi àgbà obìnrin fò dìde, ìborùn mi já bọ́, mo ń pariwo, "Ọmọ wa ni! Ọmọ ìyá mi ló bí i!" Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí dì mọ́ mi.

Kó tó di ìrun mọ̀gáríbì, a ti padà sílé Múínátù. Mo tú dòdò. Àkànní fi òsì mú un, ó wo ojú mi, ó sáré fi sí ọ̀tún, dòdò bọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi náà máa ń ṣe báyìí gan-an."

Mo ní, "Báwo?"

"Òsì ni tirẹ̀ náà. Àǹtí rẹ̀ kan ló fi lílù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní tí òun bá na òsì sí oúnjẹ, àǹtí yẹn á fi ọmọrogùn gbá òun. Ó máa ń fi aṣọ de ọwọ́ náà mọ́ ọn lẹ́yìn. Ìdí tí bàbá mi ò ṣe mú mi wá nìyẹn. Ó ní tí wọ́n bá gba ọwọ́ mi, wọ́n á gba ẹsẹ̀ mi. Mo sunkún títí. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́, ó ní, 'Mú ọmọ lọ kó rí àwọn èèyàn rẹ.' Ó kọ̀." Ó wo èmi, ó wo Múínátù. "Àǹtí méjì ni bàbá mi ní. Èwo ló jẹ́? Ṣé ó ṣì wà láyé?"

Ẹ̀yin èèyàn, mo fẹ́ parọ́. Kí n má tan yín. Sílífátù ti wà nínú sàréè láti ọdún mẹ́sàn-án, ta ni yóò bi í? Ọ̀rọ̀ kan péré, ó tán. Ṣùgbọ́n Múínátù ọmọ rẹ̀ jókòó síwájú mi, ó ti sọ orí kọ́, mo sì rí i pé ó ń rò ó bóyá ìyá òun ni. Sílífátù tí kò lu adìyẹ rí! Bí mo bá pa irọ́ yẹn, Múínátù á gbà á gbọ́ títí ayé.

Mo ní, "Èmi ni."

Múínátù gbé orí sókè. Mo ní, "Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ìyá wa ló ní kí n ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀, pé kò sẹ́ni tí yóò fún ọlọ́wọ́ òsì ní ìyàwó. Ṣùgbọ́n ìyá wa ò ní kí n lù ú tó bẹ́ẹ̀. Dárí jì mí, Àkànní. Bí mo ṣe gbá ìwọ náà lónìí, dárí jì mí."

Ó ṣa dòdò tó bọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Àǹtí tó ń pọ̀n ọ́n lọ síléèwé nígbà tí sòbìà mú un lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ó ní títí tó fi sàn ló ń pọ̀n ọ́n, lálọ lábọ̀. Ó máa ń sọ tirẹ̀ fún mi tí mo bá fẹ́ sùn. Mo rò pé òun lẹ ó jẹ́."

Mo ní, "Èmi náà ni."

"Ẹnì kan ṣoṣo?"

"Ẹnì kan ṣoṣo ni, ọmọ mi."

Ó rọra gbé orí lé mi léjìká, ó sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Múínátù ń fi ìborùn nu ojú. A jẹ dòdò tán pátá, ẹnikẹ́ni ò wo ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni fi mú un. Inú mi dùn, ó sì dùn mí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀nà kan náà ni mo gbà padà lọ́jọ́ kejì, owó kan náà, kòtò kan náà. Mi ò bá dẹ́rẹ́bà kankan jà. Ohun tí ìrìn àjò yẹn kọ́ mi ni pé ẹni tí à ń dá lẹ́bi lókèèrè lè máa bẹ̀bẹ̀ fún wa, kí ẹlẹ́bi gan-an sì jẹ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ ń ròkè jù lọ nínú ilé.

Agboolé bàbá wa ni mo kọ́kọ́ yà sí. Wọ́n ti pé jọ. Ìyá Rásákì, tó dàgbà jù nínú àwọn ìyàwó ilé wa, ló gba apẹ̀rẹ̀ lórí mi.

"Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ bi í? Ìyàwó Òyìnbó yẹn náà ni, àbí?"

Mo ní, "Rárá o. Obìnrin yẹn ń bẹ̀bẹ̀ fún wa ni. Èmi ni. Lílù tí mo lu Làmídì nítorí ọwọ́ òsì ló bà á lẹ́rù." Ìyá Rásákì la ẹnu, kò lè pa á dé. Mo tú gèlè mi, mo jókòó. Mo ní, "Àkànní ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ gbá ilé, ẹ wá àga tí yóò gba orúnkún rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ nǹkan kan nípa ọwọ́ rẹ̀ nínú ilé yìí, èmi àti onítọ̀hún ni."