Tíṣà Tó Wá Sùn Nínú Yàrá Wa

Gbogbo kíláàsì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú fíìmù tí à ń wò, ẹnì kan ń rìn gbì, gbì, gbì lórí àjà, opó inú ilé náà sì gbé fìtílà, ó ń gun àtẹ̀gùn lọ. Ibẹ̀ ni tíṣà wa, àgbà obìnrin tó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ti dá fídíò dúró. Aṣọ tí a ta sójú fèrèsé ti mú yàrá gbóná, òórùn ṣọ́ọ̀kì dà pọ̀ mọ́ ti ìpara tó fi ń ra orúnkún.

"Ẹ̀rù bà yín, àbí? Irú ìtàn tí wọ́n ń pè ní Gọ́tíìkì nìyẹn: ilé àtijọ́, òkùnkùn, ẹsẹ̀ tí a ò mọ ẹni tó ni ín. Ó yá, tí opó yìí bá sá jáde, ta ló máa kó wọlé?"

Òkú là ń wá kiri. Kò sẹ́ni tó ronú kan àbúrò ọkọ opó náà nínú fíìmù, tó ń fẹ́ gba ilé.

Mo rántí ilé wa. Bàbá mi ti kú, wọ́n sì ní wọ́n ń gbọ́ ikọ́ ẹ̀ nínú yàrá wa ní Olówógbowó. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Alájì, ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ní kí ìyá mi kó wa lọ sí Ìjẹ̀bú kí òkú lè sinmi, òun á máa kó ìdì léèsì tí òun ń tà sínú yàrá náà. Ìyá mi ti di ẹrù. Sátidé la ó lọ.

Nígbà tí àwọn yòókù jáde, mo sọ fún tíṣà. "Kò burú," ló wí, ó ń ká wáyà fídíò. Mo rò pé kò ka ọ̀rọ̀ mi sí.

Nígbà tó ku ọ̀la ká lọ, lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo gbọ́ ohùn tíṣà lágbàlá: "Ẹ kú ilé o." Ó ní ká fi yàrá oníkọ́ han òun. Ó jókòó sórí àga bàbá mi, ó na ẹsẹ̀, kò pẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í han-run. Ará ilé rọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà.

"Háà! Òkú á fún un lọ́rùn!" Ìyàwó Alájì ló sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí tíṣà lajú, Alájì gan-an ló dúró síwájú ẹ̀.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Alájì. Mo sùn dáadáa, ẹnikẹ́ni ò wúkọ́. Tó bá jẹ́ yàrá lẹ ń fẹ́, ẹ sọ ọ́ lójú ẹbí. Ẹ má fi òkú dẹ́rù ba opó."

Àwọn obìnrin ilé bú sẹ́rìn-ín. Alájì yí padà, ó wọ yàrá ẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìyá mi ti tú ẹrù.

Mo sin tíṣà lọ sí ibùdókọ̀. "Mà, báwo lẹ ṣe rí oorun sùn níbẹ̀?"

"Oorun wo? Mi ò sùn rárá. Jìnnìjìnnì bò mí." Ó di ọwọ́ mi mú, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ tutù. "Èmi náà gbọ́ ikọ́ ọkọ mi rí, ọmọ mi. Wọ́n ní kí n máa lọ, mo sì lọ."

Ìyá mi gbé inú yàrá yẹn títí irun ẹ̀ fi funfun. Mo ti ń sún mọ́ ọjọ́ orí tíṣà báyìí, mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nínú ohun tó kọ sójú pátákó, àmọ́ mo fẹ́ràn ẹ̀ ju ti ìgbà yẹn lọ. Obìnrin tí ẹ̀rù lé kúrò nílé ọkọ tirẹ̀ ló wá jókòó nínú ẹ̀rù, kí ìyá mi má bàa lọ.