Àwòrán Tí Ìyá Mi Fi Ṣe Bàbá Rẹ̀

Òórùn fáníìṣì tuntun ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé dókítà ọmọ Yorùbá kan ní Jẹ́dà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé férémù mẹ́ta kọ́ sára ògiri yàrá àlejò. Àwòrán àtijọ́ ni wọ́n, fọ́tò tí wọ́n ya àwọn Lakota, ìran kan tó ti ń gbé ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó débẹ̀. Àgbà ọkùnrin kan nínú wọn fi ìyẹ́ ẹyẹ idì sí irun, ó wo ọ̀kánkán bí ẹni tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Ọmọ dókítà náà bi mí pé kí ló dé tí omi fi dà lójú mi. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ohun tó fà á nìyí.

Al-Ruwais, àdúgbò kan létí òkun ní Jẹ́dà, ni wọ́n ti tọ́ mi, nínú yàrá kan ṣoṣo tí fèrèsé rẹ̀ kò tóbi ju síléètì lọ. Bàbá mi ń ránṣọ, ìyá mi ń dirun fún àwọn obìnrin àdúgbò. Hájì ni ìyá mi bá wá, kò sì padà. Kò ní ìkámà, ìwé tí ìjọba fi ń gba àlejò láyè láti gbé ìlú, nítorí náà bó bá jáde, kò ní lè wọlé mọ́. Lọ́dún kan, àwọn Àlàájì ìlú wa tó wọ̀ sí Misfalah ní Mẹ́kà sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ti kú nílé, wọ́n sì ti sin ín. Ìyá mi kò sunkún. Ohun tó ń tún sọ ṣáá ni pé, "Bàbá mi ò ya fọ́tò rí. Ojú ẹ̀ ti ń kúrò lọ́kàn mi."

Láìpẹ́ sígbà náà, òyìnbó kan tí bàbá mi ń ránṣọ fún ń kó lọ sí ìlú rẹ̀, ó sì fún un ní férémù ńlá kan tí kò wọ inú ẹrù. Bí ìyá mi ti rí i, ó fọwọ́ bo ẹnu. Àgbà Lakota ló wà nínú àwòrán náà, ṣùgbọ́n àwa kò mọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó yọ gangan, iwájú orí tó hunjọ, ètè tó pa dé bíi ti ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́: ó ní bàbá òun ló jọ. Ìdì irun gígùn méjì tó sọ̀ sí i láyà, àti ìyẹ́ orí rẹ̀, kò dí ìyá mi lọ́wọ́ rárá.

Àlàájà Rùkáyá, aládùúgbò wa, wò ó títí. "Ọba ìlú wo rèé?"

"Bàbá mi ni."

"Pẹ̀lú ìyẹ́?"

"Ṣé orí tìẹ ni wọ́n fi sí ni?"

Bàbá mi fẹ́ràn ìyá mi, ó sì bẹ̀rù Ọlọ́run. Yàrá tí a ń sùn náà la ti ń kírun, a kò sì gbọdọ̀ kírun níwájú àwòrán ènìyàn. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti pe ìrun, ìyá mi á fi ìborùn funfun rẹ̀ bo férémù náà. Bí a bá sálámà tán, á ṣí i. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Bí mo bá sì ń fi Lárúbáwá sọ̀rọ̀, bí àwa ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ti máa ń ṣe, á nàka sí ògiri: "Sọ Yorùbá jàre! Bàbá àgbà rẹ ò gbọ́ èyí tó ò ń sọ yẹn."

Lọ́jọ́ kan tó gbé e sílẹ̀ láti nù ún, dókítà mìíràn tó jẹ́ ọmọ ìlú wa wá gba aṣọ rẹ̀. Ó ka Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn férémù. Ó rọra ṣàlàyé pé àgbà Lakota ni, pé àwọn sójà ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ kí ayàwòrán tó gbé kámẹ́rà dé.

Ìyá mi ní, "Dókítà, ṣé ó bímọ?"

"Kò ní ṣàì bí, Àlàájà."

"Wọ́n gba ilẹ̀ ẹ̀, ó wá ṣì jókòó báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọkùnrin ni." Ó nu dígí náà tán, ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Ẹ máa gbé e lọ. Bàbá oníbàbá ni. Mi ò lè máa fi ṣe tèmi."

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, bàbá mi kó wa lọ ṣe Úmúrà, Hájì kékeré, ní Mẹ́kà. Bí a ti ń gba Misfalah lọ sí Hárámù, mọ́ṣáláṣí ńlá ibẹ̀, ìyá mi dúró lójijì.

"Etí bàbá mi tóbi ju ti bàbá yẹn lọ."

Bàbá mi wò ó. "Báwo?"

"Ó tóbi gan-an! Ó máa ń mì tó bá ń rẹ́rìn-ín. Àpá kan tún wà lábẹ́ ojú òsì ẹ̀, bàbá yẹn ò ní in."

Níbi tí bàbá rẹ̀ ti yàtọ̀ sí àgbà Lakota náà ni ojú bàbá tirẹ̀ gbà padà wá sí i lọ́kàn. Ìgbà náà ni ìyá mi tó sunkún, lójú títì, tí àwọn èrò ń yà fún wa.

Òtẹ́ẹ̀lì gàgàrà ló kún Misfalah báyìí. Fọ́tò mi pọ̀ lórí fóònù àwọn ọmọ-ọmọ mi débi pé wọn kì í wò ó. N kò bínú sí wọn; mo dúpẹ́ fún ìrọ̀rùn tí Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń ṣe àdúà tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá mi lọ́jọ́ náà ní Hárámù, lẹ́yìn tó dárúkọ bàbá rẹ̀ tán: "Ọlọ́run, àwọn ọmọ bàbá kejì yẹn náà, jẹ́ kí wọ́n rí ojú ẹ̀."