Atẹ́gùn Kò Ní Ìpín

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ọ̀yọ́, gìgísẹ̀ ìyá bàbá mi ni ìwé òfin ilé wa. Láàárọ̀ kùtù ìgbà ọyẹ́, nígbà tí igi fúrúùtù ojúde wa bá ti wọ́ ewé pupa rẹ̀ sílẹ̀, màmá àgbà yìí á fi gìgísẹ̀ fa ìlà sórí ilẹ̀: ìpín ẹ̀gbọ́n mi rèé, ìpín tèmi rèé. Ẹni tí kò bá gbá tirẹ̀ tán kò ní rí ẹ̀kọ mu, bẹ́ẹ̀ aago ilé ìwé kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan, mo rọra gbá ewé tèmi sí ìpín ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní atẹ́gùn ló gbé e lọ. Màmá wò mí títí, ó ní, "Atẹ́gùn kò ní ìpín, ìwọ lo ní. Ó yá, gbá méjèèjì." Mo gbá a tẹkún-tẹkún, mo pẹ́ dé ilé ìwé, tíṣà sì fi ẹgba kí mi káàbọ̀. Ẹ má ṣàánú mi o. Mo dàgbà, èmi náà ṣe tíṣà fún ọgbọ̀n ọdún, mi ò sì gbá ìdọ̀tí tèmi sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ilé ọmọ mi ọkùnrin ni mo ń gbé báyìí, ní Temple Hills, ní Maryland. Ó bí ọmọ méjì: obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, àti ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Bí ìgbà ìwọ́wé bá dé, ọkùnrin kan á gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn kọ́ ẹ̀yìn, á fẹ́ ewé wa títí dé iwájú ilé aládùúgbò, a ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo jẹgba lé lórí, iṣẹ́ ni wọ́n ń pè é níbí. Àwọn ọmọ á máa wò ó láti ojú fèrèsé.

Ní Sátidé, wọ́n á gbé wọn lọ sí kíláàsì kan ní Forestville tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé bí wọ́n ṣe ń di aṣíwájú. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí bọ̀. Mo ní kí ni wọ́n ṣe. Wọ́n ní àwọn kó ewé nínú páàkì. Ọmọ mi fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Ní Mọ́ńdè, bí àwọn òbí wọn ṣe lọ síbi iṣẹ́, mo fún àwọn ọmọ ní ìgbálẹ̀ tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ Nàìjíríà kan. Mo fi gìgísẹ̀ fa ìlà láàárín ewé. Wọ́n kùn, wọ́n gbá a, bọ́ọ̀sì ilé ìwé sì bá wọn níbẹ̀. Mo gbàgbé pé kámẹ́rà wà lẹ́nu ọ̀nà. Fóònù mi dún; ọmọ mi ti rí wa láti ibi iṣẹ́.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́! Àwọn aládùúgbò á pe ọlọ́pàá pé a ń fi ọmọ ṣẹrú!"

"Ṣé torí pé kò sí ìwé ẹ̀rí níbẹ̀ ni?"

"Mi ò ṣeré o, mà. Ẹ má bínú, tí ìgbálẹ̀ yẹn bá tún jáde lọ́la, màá bá yín ra tíkẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà."

Kí wàhálà má baà pọ̀ fún un, mo di ẹrù mi sínú àpótí, mo gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi kò tètè lọ síbi iṣẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ gbera. Mo fún àwọn ọmọ ní ìgbálẹ̀ lójú rẹ̀.

"Màmá àgbà," èyí obìnrin ní, "ewé ọ̀hún yẹn kì í ṣe tiwa. Atẹ́gùn ló gbé e débẹ̀."

"Atẹ́gùn kò ní ìpín. Ẹ gbá a."

Wọ́n gbá a títí dé iwájú ilé aládùúgbò wa, bàbá arúgbó kan, ọmọ Amẹ́ríkà adúláwọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, ó jáde pẹ̀lú ọ̀pá. Ọmọ mi sáré lọ bá a, ó ń tọrọ àforíjì. Bàbá náà kò tilẹ̀ wò ó. Ó na ọ̀pá síwájú, ó ní, "Wọ́n fo igun yẹn." Ó wá sọ fún wa pé ní Carolina, ìyá àgbà òun máa ń di igi wẹ́wẹ́ pọ̀ ṣe ìgbálẹ̀, pé kò sí ọmọ tó jẹ́ gbójú gbóyà fi ewé kan sílẹ̀ ní ojúde rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà fi gìgísẹ̀ fa ìlà kẹta síwájú bàbá rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ṣùgbọ́n "ìpín" ló pè é. Ọmọ mi wo àpótí mi, ó wo ọ̀pá bàbá, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbá ìpín tirẹ̀ tòun ti bàtà ọ́fíìsì. Òun náà fo igun kan. Bàbá aládùúgbò fi ọ̀pá tọ́ka sí i.

Wọ́n ní ayé ti yí padà, mo gbà. Láyé tiwa, ẹni tó gbálẹ̀ kì í gba férémù. Ẹ̀kọ ló ń mu. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí èmi náà bá ayé yí, ó mọ ilé. Àpótí mi ṣì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ìgbálẹ̀ mẹ́ta ló fara tì í báyìí.